Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Kan Láàárín Kọ̀ǹpútà Méjì

Bí ènìyàn bá gbéra láti Ajah, tí ó kọrí sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, yóò kọjá ní Sangotedo, yóò kọjá ní Awoyaya àti Bogije, kí ó tó dé ìkòríta Eleko. Níbẹ̀ ni ọ̀nà kan ti yà sí apá ọ̀tún, tí ó forí lé etí òkun. Nígbà kan rí, àwọn apẹja àti àwọn tí ń lọ gba atẹ́gùn létí omi ni a sábà máa ń bá pàdé ní ọ̀nà yìí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti ṣí èbúté ńlá Lekki ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí a sì ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ojú ọ̀nà náà kò sinmi mọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Ibi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí ni èrò ń pọ̀ sí. Ibi tí èrò bá sì pọ̀ sí ni ìwé ń pọ̀ sí. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ ń fẹ́ ìwé àdéhùn. Ẹni tí ń wá iṣẹ́ ń fẹ́ ìwé tí yóò fi sọ ẹni tí òun í ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ ṣe ìdánwò ń fẹ́ ìwé tí yóò mú dání dé ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà ni àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí a ti ń tẹ̀wé, tí a ti ń ṣe fọtokọ́pì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pè ní káfè, fi wà káàkiri ẹ̀bá ọ̀nà náà.

Mo wọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan láti ṣe fọtokọ́pì ìwé méjì péré. Obìnrin kan ni ó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọkùnrin kan sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ń kọ́ṣẹ́. Kọ̀ǹpútà méjì ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kò ju ẹyọ kan lọ. Kọ̀ǹpútà kìíní, èyí tí a fi wáyà so mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Windows ni ó wà nínú rẹ̀. Èkejì ti dàgbà díẹ̀. Windows 10 ni ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí kọ̀ǹpútà náà kò sì kún ojú òṣùwọ̀n fún Windows 11, ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ náà fi Linux sínú rẹ̀. Linux kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, kọ̀ǹpútà tí ìyá náà ti fẹ́ sọ sí ẹ̀yìn ilé sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ wéréwéré.

Bí mo ti ń dúró, ọkùnrin kan jókòó ti kọ̀ǹpútà Windows, ó ń tẹ ìwé àdéhùn ilẹ̀ kan tí ó gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn, ewé kẹrin sì ń jáde lọ́wọ́. Kò sí iná. Jẹnẹrétọ̀ ni ó ń kùn ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin kan nínú aṣọ ilé-ìwé sáré wọlé, ó sì kúnlẹ̀.

“Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo fẹ́ tẹ sílíìpù JAMB mi. Aago méje àárọ̀ ọ̀la ni ìdánwò mi.”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti súnmọ́ òpin ẹ̀kọ́ yín mọ ohun tí ó ń sọ. Orí ìwé pélébé yẹn ni a ń kọ ibi ìdánwò sí, àti ọjọ́ rẹ̀, àti wákàtí rẹ̀; olùdánwò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ó sì mú un dání. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ṣí ojú ewé JAMB lórí kọ̀ǹpútà Linux, kò sì pẹ́ tí sílíìpù náà fi hàn ketekete. Orúkọ ọmọ náà wà níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni yóò gbà jáde? Kọ̀ǹpútà kejì ni ó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ìyá náà bẹ ọkùnrin oníwèé ilẹ̀ pé kí ó yọ̀ǹda ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ní òun ti sanwó, àwọn tí yóò fọwọ́ sí ìwé náà sì ti ń dúró de òun nínú ọkọ̀. Àánú ọmọbìnrin náà ṣe ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́, ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá ṣe: ó na ọwọ́, ó fa wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yọ lára kọ̀ǹpútà Windows, ó sì kì í bọ ara ti Linux.

Ewé karùn-ún ìwé ilẹ̀ náà dúró ní agbedeméjì. Nígbà tí ẹ̀rọ náà tún ta gìrì, àmì oríṣiríṣi tí kì í ṣe Yorùbá tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ewé lórí ewé. Ọkùnrin náà fò dìde.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí ni o ṣe sí ìwé mi?”

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ dákun, sà.” Ọmọ náà ti dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

Sílíìpù náà pàápàá kò jáde, nítorí a kò tí ì fi ètò tí yóò mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sínú kọ̀ǹpútà Linux. Ní ìgbẹ̀yìn, a dá wáyà padà, a tún ìwé ilẹ̀ náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyá náà sì ru ẹrù owó ìwé tí ó bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a tó fi fíláàṣì gbé sílíìpù láti orí kọ̀ǹpútà kan lọ sí orí èkejì. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọmọbìnrin náà rí ọkọ̀ tí ń lọ sí Ajah wọ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, ìyá náà wò mí, ó ní:

“Tíṣà, ẹ gbà mí níyànjú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kejì ni kí n rà ni, àbí kí n ta kọ̀ǹpútà Linux yìí?”

Mo sọ fún un pé kí ó má rà, kí ó má sì tà. Kọ̀ǹpútà méjèèjì lè lo ẹ̀rọ kan náà láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wáyà. Bí èyí ti rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Ohun kìíní tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kankan nínú wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ó jẹ́ ohun tí ó sábà máa ń ru ènìyàn lójú. Ìyá náà bi mí pé, “Dátà mélòó ni yóò máa jẹ?” Kò ní jẹ rárá. Àpótí kékeré tí ń tan Wàìfáì ká inú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí a ń pè ní ráútà, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Ó ń mú wa dé ayé òde, iṣẹ́ yìí ni dátà wà fún. Ó sì tún ń gba iṣẹ́ láti ọwọ́ kọ̀ǹpútà kan fún èkejì nínú ilé, bí ọmọ tí a ń rán láti yàrá dé yàrá. Bí dátà bá tán pátápátá, tí iná bá ṣì wà nínú ráútà, iṣẹ́ kejì yìí kò dúró. Àkójọpọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ti ọwọ́ ráútà kan bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni a ń pè ní nẹ́tíwọ̀kì.

Nínú nẹ́tíwọ̀kì, olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé ti ní nọ́ńbà nínú ẹ́sítéètì. A lè fún kọ̀ǹpútà kan ní 192.168.1.20, kí a fún èkejì ní 192.168.1.30. Ráútà ni ó ń pín nọ́ńbà wọ̀nyí, ó sì lè yí wọn padà nígbà tí a bá pa kọ̀ǹpútà tí a sì tún tàn án. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé di àjùmọ̀lò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ráútà pé kí ó má ṣe yí nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tí ó ni ẹ̀rọ náà padà láéláé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ó ṣiṣẹ́ lónìí yóò kọ̀ lọ́la, a ó sì máa bú Linux, a ó máa bú Windows, nígbà tí ó jẹ́ pé onílé ni ó kó lọ sí ojúlé mìíràn.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ ilé ẹnìkejì rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó gbọ́ èdè rẹ̀. Níhìn-ín ni wàhálà Linux àti Windows wà. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ètò kan tí ń darí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀. Microsoft ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ṣe Windows, tí ó sì ń tà á. Linux ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 lọ́wọ́ Linus Torvalds, ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland nígbà náà. Ó sì fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ láti lò ó, láti wo inú rẹ̀, àti láti tún un ṣe. Àwọn tí ó kọ́ méjèèjì kò jọ jókòó, wọn kò jọ gbèrò. Èdè tí wọ́n fi ń pín ohun ìní wọn fún ará ilé kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nínú ìtàn yìí ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a ń pè ní MIT ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Xerox ta àwọn òṣìṣẹ́ kan lọ́rẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń lò ó láti orí kọ̀ǹpútà wọn, ṣùgbọ́n ìwé a máa há sí i lọ́fun. Ẹni tí ó rán iṣẹ́ sí i yóò rìn lọ bá a, yóò sì rí i pé ó ti dúró láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí ẹni tí ó mọ̀. Richard Stallman, ọ̀kan nínú wọn, ti tún ètò ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ṣe, tí ó fi jẹ́ pé bí ìwé bá há, ẹ̀rọ a fi tó àwọn tí ń dúró létí. Ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ tuntun. Ó béèrè fún ètò inú rẹ̀. Wọn kò fún un. Ó lọ bá ẹnìkan ní yunifásítì mìíràn tí ètò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni náà ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí dun Stallman dọ́kàn. Ní ọdún 1983 ó kéde iṣẹ́ tí ó pè ní GNU, láti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí kò ní sí ìdènà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń lò pẹ̀lú Linux títí di òní, inú iṣẹ́ náà ni ó ti wá. Ìwé tí ó há wà lára ohun tí ó fa gbogbo rẹ̀. Bí ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ní Eleko ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ yẹn, èmi ń rántí Stallman.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ èdè. Èdè tí Windows fi ń yá ẹlòmíràn ní ìwé àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni a ń pè ní SMB. Ilé-iṣẹ́ IBM ni ó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, Microsoft sì mú un dàgbà.  Ní ìparí ọdún 1991 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Andrew Tridgell ní Canberra, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá irú kọ̀ǹpútà mìíràn lò pọ̀. Kí ni ó ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ẹnà ṣeré nígbà èwe yín yóò yé. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n bá ń fọ ẹnà kí àbúrò má baà gbọ́, àbúrò tí ó gbọ́n kì í sunkún. Yóò jókòó sí kọ̀rọ̀, yóò tẹ́tí sílẹ̀, yóò rí i pé nígbàkígbà tí ẹ̀gbọ́n kan bá sọ báyìí, èkejì a ṣe báyìí, títí yóò fi já ẹnà náà, tí yóò sì fọ̀ ọ́ lé wọn lórí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Tridgell ṣe. Ó ń wo ọ̀rọ̀ tí ń kọjá lórí wáyà láàárín kọ̀ǹpútà méjì, ó ń wo ìdáhùn, ó sì kọ ètò tí ó lè dáhùn bákan náà. Nígbà tí ó ń wá orúkọ fún iṣẹ́ rẹ̀, ó yẹ àkójọ ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà wò fún èyí tí lẹ́tà S, M àti B wà nínú rẹ̀; ibẹ̀ ni ó ti bá Samba, orúkọ ijó àwọn ará Bùràsíìlì.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń ṣe Samba fi já ẹnà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2004 ìgbìmọ̀ àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù dá Microsoft lẹ́bi, wọ́n bu owó ìtanràn tí ó ju mílíọ̀nù 497 owó Yúrò lọ fún un, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ó la èdè náà fún àwọn tí ń bá a díje. Ní oṣù kejìlá ọdún 2007 ni àwọn onísamba tó rí ìwé àlàyé náà gbà, lẹ́yìn tí a san 10,000 Yúrò. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ wọn ti rọrùn sí i, tí Linux sì ń fọ èdè Windows bí ọmọ onílé.

Èdè kan tún wà tí kò jẹ́ ti ẹnìkan, IPP ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà ni wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé e lórí ní àwọn ọdún 1990. Òun ni CUPS ń lò, èyí tí í ṣe ètò ìtẹ̀wé inú Linux, tí Michael Sweet gbé jáde ní ọdún 1999. Windows náà gbọ́ èdè yìí bí a bá bá a sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kejì mo padà sí ìkòríta Eleko, èmi àti ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ sì jókòó sí iṣẹ́. Ohun tí a kọ́kọ́ rò ni pé: èwo nínú kọ̀ǹpútà méjèèjì ni kí a so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́? Èrò tèmi ni pé kí a so ó mọ́ èyí tí a ń tàn kọ́kọ́ ní òwúrọ̀, tí a sì ń pa kẹ́yìn ní alẹ́, nítorí bí onílé bá sùn, àlejò kò ní rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, Windows ni. A ṣí ibi tí a kọ “Printers & scanners” sí, a yan ẹ̀rọ náà, a wọ inú “Printer properties”, a tẹ “Sharing”, a sì sàmì sí “Share this printer”. A fún un ní orúkọ kúkúrú tí kò ní àlàfo láàárín: ITEWE. A rí i dájú pé Windows ka Wàìfáì ṣọ́ọ̀bù náà sí ti ilé, kì í ṣe ti ìta gbangba, nítorí bí ó bá kà á sí ti ìta, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí gẹ́gẹ́ bí mẹ́gáàdì ẹnu géètì ti ń ṣe sí ẹni tí kò mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà a dá orúkọ ìwọlé kan sílẹ̀ lórí Windows náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà Linux yóò máa fi wọlé. A kò lo ti ìyá náà fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àṣírí tí a bá fi sínú ètò ìtẹ̀wé Linux yóò wà níbẹ̀ ní ìpamọ́, kò sì yẹ kí kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé wà ní irú ibẹ̀.

Lórí Linux, a fi ètò kékeré tí ń jẹ́ smbclient sí i. A ṣí ibi tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, a sì kọ localhost:631 síbẹ̀. Èyí kì í mú ènìyàn lọ sí ibì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú CUPS tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà ni ó ń ṣí. A tẹ “Administration”, a tẹ “Add Printer”, a yan “Windows Printer via SAMBA”, a sì kọ àdírẹ́sì: smb://, lẹ́yìn náà orúkọ ìwọlé, àmì ìdápín méjì, ọ̀rọ̀ àṣírí, àmì @, àti 192.168.1.20/ITEWE. Kò ṣiṣẹ́! A tún kọ ọ́, kò ṣiṣẹ́. Ó tó ìdajì wákàtí kí a tó rí àṣìṣe wa: ọmọ náà, nítorí pé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àṣírí náà le, ti fi @ sí àárín rẹ̀, nígbà tí CUPS bá sì ti rí @ nínú àdírẹ́sì, ó gbà pé ọ̀rọ̀ àṣírí ti parí. A fi lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan ṣe òmíràn, kí ó gùn dáadáa, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Ó ku ohun kan, èyí tí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà tẹ àmì ọjọ́sí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀ ní èdè tirẹ̀, yàtọ̀ sí èdè tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn kan gbọ́ PostScript, àwọn kan gbọ́ PCL, àwọn olówó pọ́ọ́kú mìíràn kò sì gbọ́ ohunkóhun àfi ohun tí ètò láti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe wọ́n bá sọ fún wọn. Ètò tí ń ṣe ògbufọ̀ yìí ni a ń pè ní dúráífà. Orúkọ ẹ̀rọ ti ṣọ́ọ̀bù náà wà nínú àwọn tí CUPS mọ̀, a sì yàn án. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí ó sì ń lo Linux, ìbá dára kí ó wádìí bóyá dúráífà rẹ̀ wà fún Linux kí ó tó kówó sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò kì í sábà sọ èyí fún ènìyàn.

Bí ó bá jẹ́ pé Linux ni a so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́, ọ̀nà náà kúrú ju èyí lọ. A ó sàmì sí “Share printers connected to this system” nínú CUPS, a ó gba ilẹ̀kùn 631 láàyè fún àwọn ará ilé, a ó sì lọ sórí Windows láti fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kún un ní orúkọ http://192.168.1.30:631/printers/ITEWE. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá sì ní Wàìfáì tirẹ̀ nínú, kò nílò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kankan. Òun náà yóò gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ráútà, yóò sì di onílé láàyè ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ fún ìyá náà tí ó mú un dákẹ́. Ilẹ̀kùn tí a ṣí fún ará ilé, olè lè gba ibẹ̀ wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ètò burúkú tí a ń pè ní WannaCry gba inú ihò tí ó wà nínú SMB àtijọ́, ìyẹn SMB kìíní, ó sì ti ìwé àwọn ènìyàn mọ́lé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè títí kan àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ẹ ó ṣì rí àwọn tí ń fi ẹnu sọ fún ènìyàn pé bí Linux kò bá rí Windows, kí ó lọ jí SMB kìíní dìde. Kí ẹ má ṣe gbọ́ tiwọn. Ní ọdún 2021 a rí ihò ńlá nínú apá tí ń tò iṣẹ́ ìtẹ̀wé sí ìlà nínú Windows; ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 a rí ihò nínú àwọn ètò CUPS ti Linux náà, nítorí náà kí onílinux má ṣe fi onífíńdóòsì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti dí ihò wọ̀nyí fún ẹni tí ó bá ń gba àtúnṣe tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni pé kí a má ṣe fún àwọn oníbàárà ní Wàìfáì kan náà tí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wà lórí rẹ̀. Ìyá náà ti kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé Wàìfáì rẹ̀ sí ara ògiri ní gàdàgbà. Ọjọ́ náà ni ó yọ ọ́, tí ó sì ní kí ọmọ náà ya tàwọn oníbàárà sọ́tọ̀ nínú ráútà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó tún gba ọ̀nà yẹn. Oníwèé ilẹ̀ mìíràn wà lórí Windows, ọmọ ilé-ìwé méjì sì dúró ti Linux. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ tẹ iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ nígbà tí ìwé ilẹ̀ ń jáde lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan wáyà. Kọ̀ǹpútà tí ó ni ẹ̀rọ náà to gbogbo rẹ̀ sí ìlà. Ìwé ilẹ̀ jáde tán, sílíìpù kìíní tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èkejì.

“Ó kù díẹ̀, sà,” ni ọmọ náà sọ fún mi. “Bí a kò bá fọwọ́ kan Windows fún ìgbà díẹ̀, ó máa ń sùn lọ, iṣẹ́ mi a sì dúró sójú ọ̀nà.”

A jọ wọ inú Windows náà, a wá ibi tí a ti ń dá oorun rẹ̀ dúró, a sì ní kí ó má sùn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà lára rẹ̀. Ìyá náà bi wá pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí epo jẹnẹrétọ̀ bá tán. Ọmọ náà ní ìyẹn kọjá agbára Samba, ó sì mú kẹ́ẹ̀gì, ó gba ilé epo lọ.